Ìdúródè Orúkọ: Ìtàn Àyẹ̀wò Ọ́tísíìmù láti Forest dé Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù

Ìfáàrà

Bí àwọn òpìtàn bá ń kọ ìtàn ọ́tísíìmù, àwọn dókítà ni wọ́n sábà máa ń tò tẹ̀léra. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí Eugen Bleuler, tí ó lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ ti 1911 láti fi ṣàpèjúwe àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ọpọlọ mú kí wọ́n fà sẹ́yìn sínú ara wọn. Wọ́n á kan Grunya Sukhareva, tí ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọkùnrin kan ní Moscow ní 1925. Wọ́n á sì gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Leo Kanner ní 1943 àti Hans Asperger ní 1944. Irọ́ kò sí nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fo àwọn kan dá. Láàárín ọjọ́ tí òbí kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé òun pe ọmọ lórúkọ, ọmọ kò wẹ̀yìn, àti ọjọ́ tí ẹni tí ó ní àṣẹ sọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà, àkókò kan wà tí ó lè gba oṣù, tí ó sì lè gba ọdún. Àkókò náà ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí ó mú un gùn ní 1938 kọ́ ni ó mú un gùn ní 1965, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó mú un gùn ní Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù.

Èdè Yorùbá fi ìyàtọ̀ kan hàn tí ó wúlò níhìn-ín. Ẹni tí ó wà ní ibùdókọ̀ ń dúró de ọkọ̀; ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju kí ọkọ̀ dé tàbí kí ó má dé. Ẹni tí ó ń retí ní tirẹ̀ ti gbé ọkàn lé nǹkan, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà, ìrètí, ni a fi ń pe ohun tí à ń wọ̀nà fún àti ìgbàgbọ́ pé yóò dára. Òbí tí ó ń dúró de àyẹ̀wò ń dúró de ohun tí kò lè fi gbogbo ọkàn retí. Agbára káká ni a ó fi rí ẹni tí yóò gbàdúrà pé kí dókítà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni; síbẹ̀, bí dókítà kò bá sọ ọ́, ilẹ̀kùn kan kò ní ṣí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí ni kókó. Láti ìlú dé ìlú, ohun tí ìtàn náà ń fi hàn ni pé bí ohun tí a tì mọ́ ẹ̀yìn orúkọ bá ṣe pọ̀ tó ni ìdúródè ṣe ń wúwo tó, yálà ó pẹ́ ni o, yálà kò pẹ́.

Lẹ́tà baba Donald

Ní oṣù kẹsàn-án 1933 ni a bí Donald Triplett ní Forest, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Agbẹjọ́rò ni Beamon baba rẹ̀. Ìdílé Mary ìyá rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ó ni báńkì ìlú náà. Ọmọ náà kò tí ì ju ọmọ ọdún kan lọ tí ó ti ń kọ orin láìṣì ohùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó há Sáàmù kẹtàlélógún sórí. Ṣùgbọ́n bí baba ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ kì í sáré pàdé e. Àlejò wọlé, àlejò jáde, kò kàn án. Ìgbádùn rẹ̀ ni kí ó máa yí ìdérí ìkòkò àti igi ìṣeré bí ọmọdé Yorùbá ṣe ń ta òkòtó, inú a sì máa bí i gidigidi bí ẹnikẹ́ni bá dá a dúró. Nígbà tí ó bá fẹ́ nǹkan fún ara rẹ̀, “ìwọ” ni ó máa ń pe ara rẹ̀.

Ní 1937, lórí ìmọ̀ràn dókítà, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ikọ́ ife ń halẹ̀ mọ́. Ikọ́ ife kò ṣe Donald. Ibi tí wọn ì bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ ni kò sí. Ó lo nǹkan bí ọdún kan níbẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣàkóso ilé náà fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kọ̀, wọ́n mú un padà sílé ní 1938. Láti múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò mìíràn ni baba rẹ̀ fi kọ lẹ́tà kan tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ojú ìwé rẹ̀ jẹ́ 33, sí Leo Kanner ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Kanner ni ó kọ ìwé àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé, ní 1935. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kí ó mọ̀, òun ni.

Kò mọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1938 ni ó rí Donald; wọ́n fi ọmọ náà sí ilé kan tí wọ́n ti ń kíyèsí àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Maryland fún ọ̀sẹ̀ méjì, síbẹ̀ kò sí orúkọ nínú gbogbo ìwé tí ó lè bá ohun tí ó rí mu. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Kanner tó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó jọ Donald ti pé 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Donald ni àkọ́kọ́ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ohun tí Kanner sì sọ nípa ìgbà kékeré rẹ̀, inú lẹ́tà ojú ìwé 33 yẹn ni ó ti mú un. Ó yẹ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: agbẹjọ́rò tí kò kọ́ ìṣègùn, tí ó ń dúró de èsì, ni ó kọ́kọ́ kọ àpèjúwe tí ayé ìṣègùn ń lò títí di òní.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún náà ni a kò gbọ́dọ̀ fò. Ní 1942, kí orúkọ tó jáde, wọ́n fi Donald sọ́dọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan tí oko wọn kò jìnnà sí Forest. Ọmọ náà kò lè ṣe kí ó má ka nǹkan, kí ó má wọn nǹkan. Àgbẹ̀ náà kò bá a jà sí i. Ó ní kí ó máa wọn jíjìn kànga tí wọ́n ń gbẹ́. Ó ní kí ó máa ka poro àgbàdo bí ó ti ń túlẹ̀ lọ. Nígbà tí Kanner lọ wò ó níbẹ̀ ní 1945, ẹnu yà á sí bí tọkọtaya náà ṣe sọ àṣejù ọmọ di iṣẹ́. Donald parí ilé ẹ̀kọ́, ó gba oyè ní Millsaps College ní 1958, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìlú rẹ̀, ó rìnrìn àjò káàkiri ayé, ó sì kú ní oṣù kẹfà 2023 ní ẹni ọdún 89. Kò yẹ kí a gbàgbé pé owó wà nínú ilé wọn. Nígbà tí Kanner padà tọpasẹ̀ àwọn ọmọ 11 náà ní 1971, ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ti fi ayé wọn ṣòfò ní ilé ìtọ́jú ìjọba, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Ẹ̀bi, àti ibi tí àyẹ̀wò ti jẹ́ ewu

Kanner tí ó gbọ́ tẹnu òbí ni ó tún dá òbí lẹ́bi. Nínú àpilẹ̀kọ 1943 náà ni ó ti sọ pé díẹ̀ ni òbí àti ìyá tí ara wọn yá mọ́ni láàárín àwọn ìdílé wọ̀nyí, gbólóhùn yìí sì dàgbà di ẹ̀kọ́ burúkú. Nígbà tí Bruno Bettelheim fi máa gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1967, ìyá ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń dì í rù. Lásìkò yẹn, ìyá tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé òun náà ni wọn yóò yẹ̀ wò. Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tí ọmọ tirẹ̀ wà nínú ipò náà, kọ ìwé kan ní 1964 láti fi hàn pé inú ara ni ọ̀ràn náà ti wá. Ní 1965 òun àti àwọn òbí mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, iwájú ẹgbẹ́ náà sì ni Kanner ti dá àwọn òbí láre ní 1969. Ọdún 26 ni ìdáláre náà gbà kí ó tó dé.

Ìlú Vienna yàtọ̀ pátápátá. Ìwádìí Herwig Czech, tí ó jáde ní 2018, fi hàn pé Asperger fọwọ́ sí i kí wọ́n fi àwọn ọmọ kan ránṣẹ́ sí Am Spiegelgrund, níbi tí àwọn Násì ti ń pa ọmọ tí wọ́n bá kà sí aláìwúlò. Òbí tí ó fi ọmọ pamọ́ fún dókítà ní Vienna lásìkò yẹn gbọ́n.

Ilé ẹ̀kọ́ kí orúkọ tó dé

Ní Bìrìtéènì, orúkọ náà kò tètè fìdí múlẹ̀. Títí di 1961, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Mildred Creak darí gbé àmì mẹ́sàn-án kalẹ̀, àwọn dókítà ṣì ń ka àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ irú wèrè kan. Lorna Wing, dókítà ni, ọkọ rẹ̀ John náà sì jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ. Síbẹ̀, nígbà tí Susie ọmọ wọn, tí wọ́n bí ní 1956, kò sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nílé ìwé kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1962 ni òun àti àwọn òbí mìíràn dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí National Autistic Society sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò náà gbà kí a pe ọmọ ní ẹni tí a kò lè kọ́ níwèé, kí a sì yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ pátápátá. Òfin 1970, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971, ni ó fòpin sí i. Sybil Elgar kò dúró de òfin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ mélòó kan ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi sùúrù jókòó tì wọ́n, ní 1965 sì ni ẹgbẹ́ àwọn òbí ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún un ní Ealing. Ohun kan náà ni àgbẹ̀ Mississippi ti ṣe: iṣẹ́ ṣáájú orúkọ. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibi méjì yìí ni ìdúródè ti fúyẹ́ jù.

Wing tún ṣe ohun kan tí kò lè rí àbájáde rẹ̀ ṣáájú. Ní 1966 Victor Lotter ti ka àwọn ọmọ ọdún 8 sí 10 ní Middlesex, ó sì rí ọmọ 4.5 nínú 10,000. Ní 1979, Wing àti Judith Gould fi ìwádìí wọn ní Camberwell hàn pé àwọn ọmọ tí ó ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ìlànà Kanner lè mú lọ. Ní 1981 Wing gbé orúkọ Asperger jáde fún àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Orúkọ fẹ̀, ẹ̀tọ́ sì so mọ́ ọn. Láti 1989 ni a ti ní ìlànà àyẹ̀wò tí a ń pè ní ADOS, èyí tí ẹni tí a kọ́ ní pàtó nìkan lè ṣe. Àwọn tí ó nílò orúkọ pọ̀ sí i, àwọn tí ó lè fi fúnni kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìlà sì bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí ó jáde ní 1997 lẹ́nu òbí tí ó ju 1,200 lọ fi hàn pé ọmọ a máa tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí ó tó gba orúkọ. Ní 2011, ìlànà ìlera ilẹ̀ náà sọ pé kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́. Ní 2016, òbí 1,047 sọ fún Laura Crane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé láti ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ orúkọ, nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Nígbà tí ó di 2024, àwọn tí ó wà lórí ìlà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé àti àgbà, ti ju 200,000 lọ.

Ibi tí kò sí ìlà

Lotter kan náà tí ó ka ọmọ Middlesex wá sí Áfíríkà. Ní 1978 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nípa àwọn ilé ìtọ́jú ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, Nàìjíríà wà nínú wọn. Díẹ̀ ni ọmọ tí ó rí tí ó bá ìlànà mu. Ní ọdún méjì ṣáájú, Longe ti kọ̀wé nípa ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin. Àwọn kan ti inú irú iye kékeré bẹ́ẹ̀ yọ èrò pé ọ́tísíìmù kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀ Áfíríkà. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé ìtọ́jú ni Lotter lọ; ọmọ tí wọn kò bá mú wá síbẹ̀ kò lè wọ inú ìṣirò. Ètò tí Adéoyè Lambo dá sílẹ̀ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, níbi tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ti ń gbé àárín àwọn ará abúlé, jẹ́ àwòkọ́ṣe fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni ó wà fún ní pàtàkì. Òbí ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀ kò ní ìdí láti mú un lọ síbẹ̀.

Níbo ni wọ́n wá ń mú un lọ? Ìbéèrè yìí mú wa dé ibi tí ìmọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti dákẹ́. Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀nà láti bi Ifá léèrè nípa ọmọ. Àkọsẹ̀jayé ni a ń ṣe ní kété tí a bá bí i, kí a lè mọ irú ẹni tí ó wá sáyé. Àwọn kan sì wà tí ara wọn yàtọ̀, afín, abuké, arọ, tí a ń pè ní ẹni òrìṣà, tí Ọbàtálá mọ bí ó ti wù ú, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù kò sí nínú wọn, nítorí pé ojú kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ pé, ẹwà a sì máa wà lára rẹ̀. Kì í ṣe adití, kì í sì í ṣe odi ní tòótọ́, nítorí pé ó lè kọ orin. Ohun tí ó kù nínú àpò èdè ni èébú, dìndìnrìn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ìtùnú: ọkùnrin a máa pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, baba rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi sùúrù sí i. Ìtùnú yìí kì í ṣe àìmọ̀kan lásán. Ó máa ń jẹ́ òótọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ṣòro láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, a máa lọ sínú rẹ̀, kí a tó wá mú ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sọ́dọ̀ alùfáà tàbí oníṣègùn ìbílẹ̀. Ìdúródè ni gbogbo rẹ̀. Kò kàn sí ẹni tí ó ń kọ orúkọ sórí ìwé ni.

Nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ wọ̀nyí dáadáa, wọ́n rí wọn. Ìkẹ́olúwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2014 pé nínú ọmọ 2,320 tí wọ́n rí ní ẹ̀ka iṣan àti ọpọlọ ọmọdé ní Ìbàdàn, 54 ni ó ní ọ́tísíìmù. Ní ìhà ìlà-oòrùn gúúsù, Múìdeen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí 5 nínú ọmọ 44 tí ó ní ìṣòro òye, ní 2012. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara jáde ní 2019, òfin ìlera ọpọlọ tuntun rọ́pò ti amúnisìn ní 2023. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó mọ bí a ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aládàáni, olówó ni ó ń rí wọn san. Fún ìyá tí kò lówó, orúkọ náà ṣí ilẹ̀kùn sí ìta gbangba.

Ohun èlò àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò ṣàìní ìṣòro. Ara ohun tí ADOS ń kíyèsí ni bí ọmọ ṣe ń wo ojú ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ àti bí ó ṣe ń bá wọn fi bèbí ṣe eré ọjọ́ ìbí. Ọmọ tí a ti kọ́ pé a kì í wo àgbà lójú kòró, tí kò sì rí àkàrà òyìnbó onífìtílà rí, lè já síbi tí kò yẹ kí ó já sí. Ojú onímọ̀ tí ó gbọ́ àṣà ni yóò yà á sọ́tọ̀. Ìwé ìlànà nìkan kò lè ṣe é.

Èdè ilé

Ìdílé Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ń ru ẹrù ibi méjèèjì. Sùúrù tí a mú wá láti ilé ṣì ń ṣiṣẹ́, ìlà tí a bá níbẹ̀ náà sì ń dúró. Àwọ̀ ara tún wà ńbẹ̀. Ní Philadelphia, David Mandell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2002 pé ọmọ aláwọ̀ funfun nínú àwọn tí ìjọba ń san owó ìlera wọn gba orúkọ ní ọdún 6.3, ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ọdún 7.9. Ní 2020, John Constantino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 584: láti ìgbà tí òbí ti kọ́kọ́ fura títí di ìgbà orúkọ ju ọdún mẹ́ta lọ.

Ohun kan ṣì wà tí ìdúródè ń gbà lọ́wọ́ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tí kò sí nínú ìṣirò wọ̀nyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tí ó bá pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ nínú ilé elédè méjì, ìmọ̀ràn tí òbí sábà máa ń gbà lẹ́nu olùkọ́ tàbí oníṣègùn ni pé èdè méjì ni ó da ọmọ lójú rú, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ràn náà a máa wá ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé òun nìkan ni ohun tí a lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí a bá ń dúró. Ní 2012, Catherine Hambly àti Eric Fombonne gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 75 tí ó ní ọ́tísíìmù. Wọn kò rí i pé èdè méjì dá àwọn ọmọ náà padà sẹ́yìn. Ìmọ̀ràn àtijọ́ kò tíì tán nílẹ̀ síbẹ̀. Òbí tí ó ti gbà á kì í sì í tún padà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ilé ti mọ́ra pẹ̀lú èdè tuntun.

Ọmọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà ní ọmọ ọdún mẹ́ta lè ti pé mẹ́fà kí ó tó kàn án. Ìwé yóò dé, orúkọ yóò wà nínú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ yóò yan olùrànlọ́wọ́ fún un. Ìyá àgbà tí ó ń fi fóònù pè láti Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yóò ti dẹ́kun àtimáa ní kí wọ́n fún ọmọ ní fóònù. Ìyá ọmọ nìkan ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀ báyìí.